₦400,000 ni mo tọ́jú: ṣé ọkọ̀ onírìmóòtù ni kí n rà, àbí hẹlikópítà?

Ará Mọ́kọ́lá
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá sí i.

Nígbà tí mo wà ní kékeré n'Íbàdàn, agolo mílíìkì la fi ń ṣe ọkọ̀. A ó gé sílípáàsì tó ti já roboto, ìyẹn ni táyà. A ó fi wáyà gún un láàárín, a ó so okùn mọ́ ọn níwájú, a ó sì máa wọ́ ọ kiri àdúgbò. Mo máa ń jókòó ti tèmi lálẹ́, mo máa ń wò ó, mo máa ń rò ó pé: bí eléyìí bá lè máa dá lọ láìjẹ́ pé mo fà á ńkọ́? Mo ti lé lógójì ọdún báyìí, aṣọ ni mò ń rán jẹun, ìrònú yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń dá àjọ nítorí ẹ̀. ₦400,000 ló wà nílẹ̀. Ìyàwó mi mọ̀ sí i, owó iléèwé àwọn ọmọ sì wà lọ́tọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní London ní hẹlikópítà onírìmóòtù, T-Rex 450, ó fẹ́ tà á fún mi ní £150, kò sí rìmóòtù nínú ẹ̀. Ó fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́: hẹlikópítà náà dojú dé lójú ọ̀run, ó ń fi ẹ̀yìn fò! Orí mi wú. Ṣùgbọ́n ẹlòmíì ní ọkọ̀ ilẹ̀ ni kí n rà, pé hẹlikópítà á jẹ mí lówó run.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, lẹ́yìn ọjọ́ tí mo bá rà á, èló ni á tún máa gbà lọ́wọ́ mi? Ṣé ẹni tí kò fọwọ́ kan irú ẹ̀ rí lè dá a kọ́? Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 11, mo fẹ́ kó jẹ́ ohun tí èmi pẹ̀lú ẹ̀ á jọ máa ṣe.

Ẹyẹ Woolwich
Ẹ káàbọ̀ o, ará Mọ́kọ́lá. T-Rex 450 gan-an lèmi náà fi bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 2011, níbí ní London. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà nígbà náà, ó sì jẹ́ pé tí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ lára bọ́ọ̀sì, orí hẹlikópítà yìí ni ọkàn mi ń lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ bí ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe rí. Pápá kan lẹ́yìn ilé wa ni, àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ewé igi ò mì. Mo gbé e kalẹ̀, mo ń ti rìmóòtù sókè díẹ̀díẹ̀. Ó ń gbọ̀n lórí koríko, ló bá fẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, kò ga ju orúnkún lọ. Ó yà sósì. Mo fà á sọ́tùn-ún, ó sáré kọjá ibi tí mo ń fẹ́. Mo ní kí n fà á padà, ó bá yíjú, ó dojú kọ mí. Bó ṣe dojú kọ mí yẹn, ọ̀tún tèmi ti di òsì tiẹ̀. Ọwọ́ mi ò mọ ìyẹn. Bí mo ṣe ń lé e lọ ni mò ń pè é bọ̀. Bíléèdì kan gbá ilẹ̀, ó parí. Láti ìgbà tó gbéra dé ìgbà tó fọ́, kò pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

Mo tú u sórí tábìlì nílé. Bíléèdì méjèèjì ti fọ́. Irin tín-ín-rín tó gba inú orí ẹ̀ kọjá, feathering shaft ni wọ́n ń pè é, ti tẹ̀ bí abẹ́rẹ́ téèyàn fẹsẹ̀ tẹ̀. Ọ̀pá àárín tẹ̀. Eyín mẹ́rin ká kúrò lẹ́nu jíà ńlá. Ọ̀pá ìrù rí kọ̀ǹgọ̀ níbi tí bíléèdì ti gbá a. £58 ni mo fi ra páàtì, mo dúró ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n tó dé, mo fi alẹ́ méjì tún un tò. Ìgbà kejì tí mo gbé e jáde, ó tún ṣubú.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé ọkọ̀ ilẹ̀ máa ń dúró tẹ́ ẹ bá ti yọwọ́. Hẹlikópítà onírú eléyìí kì í dúró, ẹ̀yin lẹ ó máa dá a dúró, ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bíléèdì òkè ẹ̀ ń yí ní nǹkan bí ìgbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, ìyára yẹn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ bóyá ó ń lọ sókè tàbí ó ń bọ̀ nílẹ̀. Ohun tó ń yàtọ̀ ni ìdagun bíléèdì: mọ́tọ̀ kékeré mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní servo ló ń yí ojú ẹ̀ sókè sódò, bí ẹni tó ń yí àtẹ́lẹwọ́ padà nínú omi. Ohun tó jẹ́ kó lè dojú dé nìyẹn. Ohun tó ń jẹ́ kó tètè balẹ̀ náà nìyẹn.

Lẹ́yìn ìgbà kejì yẹn ni àgbà kan lórí pápá pè mí, ó ní kí n lọ ra símúlétọ̀. RealFlight ni mo rà. Ẹ ó so rìmóòtù mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ ó máa fò ó lójú kọ̀ǹpútà. Bó bá fọ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, ó ti dìde. Mo lo tó 40 wákàtí nídìí ẹ̀ kí n tó tún gbé tòótọ́ jáde. Oṣù mẹ́rin ni mo fi fò lẹ́yìn náà, n ò ra páàtì kankan.

Ará Mọ́kọ́lá, £150 yẹn kì í ṣe owó ẹ̀. Ẹ ó ra rìmóòtù, ríṣífà (ìyẹn ohun tó ń gbọ́ àṣẹ rìmóòtù nínú hẹlikópítà), ṣájà, bátìrì tí kò gbọdọ̀ dín ní mẹ́ta, nítorí bátìrì kan ò lè gbé e ju ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́fà lọ. Kí ẹ tún tọ́jú owó ìṣubú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n n ò ní kí ẹ má rà á. Ẹ ra símúlétọ̀ ṣáájú ni mo wí.

Aṣátúnṣe Alábà
Ẹ̀gbọ́n Woolwich ti sọ òótọ́, àmọ́ London ni wọ́n wà. Páàtì tó gba ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ́wọ́ wọn, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó dé ọwọ́ yín n'Íbàdàn, owó ìfiránṣẹ́ sì lè ju owó páàtì lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Rédíò àti àǹpú ni mò ń tún ṣe l'Álábà, ọkọ̀ onírìmóòtù ni ìgbádùn mi láti ọdún 2014. Mo ní Traxxas Slash kan àti WLtoys 144001 méjì. Tọ́rọ̀ bá dorí hẹlikópítà, bí bíléèdì bá fọ́, kò sẹ́ni tó lè bá yín gbẹ́ ẹ ní Nàìjíríà kó bá èkejì ẹ̀ mu lórí ìwọ̀n. Bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ wúwo ju èkejì, gbogbo ara ẹ̀ á máa gbọ̀n títí á fi já. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ilẹ̀? Irin tó tẹ̀, àwọn tó ń yí irin lórí léètì ní Ládípọ̀ á bá yín yí òmíràn. Béárìn rẹ̀, ìwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò ni. Apá ike tó kán, ẹni tó ní ẹ̀rọ 3D ní Yábàá á bá yín tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo ti fi ike ìgò epo ṣe ìdáàbòbò abẹ́ Slash mi, ó lé lọ́dún kan kó tó lu.

Slash tuntun lè gbé gbogbo ₦400,000 yẹn lọ bí dọ́là ṣe wà yìí, ká má tíì sọ ti bátìrì. 144001 ò tó ìdajì ẹ̀. Ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 14 ọkọ̀ gidi, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà, irin ni pẹpẹ abẹ́ ẹ̀. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ lára ẹ̀ ni jíà ńlá, nítorí ike ni. Ẹ ra mẹ́ta pa mọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ra ọkọ̀ náà.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ jù ni eruku. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń wọ inú béárìn, á po mọ́ gírísì, á wá di bí yanrìn tí wọ́n fi ń lọ ọ̀bẹ. Bí ẹ bá dé láti pápá, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé ni mo fi ń gbọ̀n ọ́n, màá wá tú táyà, màá yí béárìn kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Èyí tó bá ń dún ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀, ó ti ń lọ.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí o: ọ̀pọ̀ ọmọ l'Álábà máa ń tú bátìrì láptọ́ọ̀pù àtijọ́, wọ́n á so ó pọ̀, wọ́n á ní ó ti di bátìrì ọkọ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bátìrì láptọ́ọ̀pù lè gbé iná púpọ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n kò lè tú u jáde kíákíá. Mọ́tọ̀ á fà á ju agbára ẹ̀, á gbóná, ó sì lè gbiná. Mo ti rí èyí tó jó orí tábìlì ẹnìkan nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi.

Ìyá Ìbejì Houston
Ẹ ṣeun, àbúrò mi ní Alábà, fún ti bátìrì tẹ́ ẹ mẹ́nu bà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ gba ọ̀rọ̀ sọ, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi.

Bátìrì LiPo, irú bátìrì lithium kan, ni gbogbo ìwọ̀nyí ń lò. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n tò pọ̀ di bátìrì, jẹ́ 3.7V, bó bá kún ó di 4.2V. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí 3.3V, ẹ ti ń pa á. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, 3.8V ni kẹ́ ẹ fi sí, kó má kún, kó má ṣófo. Lọ́jọ́ kan mo rí i pé ọ̀kan ti wú bí ìrọ̀rí. Mo ní kò sí nǹkan, mo fi sórí ṣájà, mo lọ dá ìrẹsì sílé ìdáná. Òórùn dídùn kan tí n ò mọ̀ rí ni mo kọ́kọ́ gbọ́, bí òórùn ọ̀dà èékánná. Kí n tó yíjú padà, èéfín funfun ti kún gáràjì. Ọlọ́run ló yọ wá, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ni mo gbé e sí.

Láti ọjọ́ náà, ìkòkò amọ̀ ni mo ń lò. Ìkòkò tí màmá mi gbé fún mi wá láti ilé ni. Mo da yanrìn sí ìdajì ẹ̀, inú ẹ̀ ni bátìrì ń wà tí mo bá ń gba iná sí i, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí ẹ̀ títí á fi kún. Èyí tó bá wú, a ò lò ó mọ́.

Fún ẹni tó bá fẹ́ gbé bátìrì lọ sílé látòkè òkun: ẹ má kó o sínú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín. Báàgì ọwọ́ ni ó ń wà, kẹ́ ẹ lẹ ẹnu wáyà ẹ̀ pa. Ìwọ̀n tí wọ́n gbà láyè láìbéèrè ni 100Wh, ìyẹn iye iná tí bátìrì lè gbé. Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣírò ẹ̀ nìyí: bátìrì T-Rex 450 jẹ́ 2200mAh (ìyẹn 2.2Ah), 11.1V. 2.2 lọ́nà 11.1, ó jẹ́ 24.4Wh. Kò sí wàhálà níbẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ń bọ̀ nílé lè kó díẹ̀ dání fún ará Mọ́kọ́lá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde
N ò ní hẹlikópítà, n ò sì fẹ́. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní.

Bàbá mi kàwé ní Leeds. Lọ́dún 1985 wọ́n ra Tamiya Grasshopper, ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ọdún tó ṣáájú. Ilé-iṣẹ́ Tamiya yìí, ará Japan ni wọ́n, láti 1976 ni wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ onírìmóòtù, èyí àkọ́kọ́ wọn jẹ́ Porsche. Ẹ ò ní rà á bí ọkọ̀ tó ti parí o. Páálí ni ẹ ó rà, gbogbo ẹ̀ ló wà ní túútúú nínú ẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó tò ó. Bàbá mi tò ó tán, wọ́n gbé e wálé, wọ́n fi í sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọn ò jẹ́ ká fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn tí wọ́n papòdà ni mo gbé páálí náà jáde. Bátìrì ti rin, ìyẹ̀fun funfun ti bo ẹnu wáyà. Táyà ti le koko, ó ti lanu. Ṣùgbọ́n ìwé ìlànà ẹ̀ wà níbẹ̀, bàbá mi sì ti fi bírò pupa sàmì sí gbogbo ìpele tí wọ́n ti parí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Níbi tí wọ́n ti fẹ́ máa tò ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ẹ rọra". Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́. Èmi nìkan ni mo jókòó sínú yàrá náà, mo sì sunkún.

Nítorí pé Tamiya tún gbé Grasshopper jáde padà lọ́dún 2005, páàtì ẹ̀ ò wọ́n títí dòní. Ọmọ ìyá mi tó wà ní Manchester bá mi ra táyà mẹ́rin àti ìbora òkè. Ìgbì rédíò 27MHz ni rìmóòtù àtijọ́ ẹ̀ ń lò, mo yọ ọ́, mo fi ti ìsinsìnyí, 2.4GHz, sí i. Mọ́tọ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, èyí tí wọ́n ń pè ní 380 ni, kò yára bí tàwọn ọmọ ìsinsìnyí. Ìpele kan ṣoṣo ni bàbá mi ò sàmì sí: lílẹ sítíkà. Mo lẹ̀ ẹ́, mo sì fi bírò pupa sàmì sí i.

Gbogbo owó tí mo ná lé e kò tó ₦120,000. Mo máa ń gbé e lọ sí pápá iléèwé kan lọ́jọ́ Sátidé.

Olóòótọ́
Ẹ má bínú sí mi, mo fẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. ₦400,000 jẹ́ owó tí ẹnìkan lè fi bẹ̀rẹ̀ òwò lónìí. Àwọn èèyàn wà tí wọn ò rí oúnjẹ jẹ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ṣé ohun ìṣeré àgbàlagbà ló kàn?

Ìyá Ìbejì Houston
Olóòótọ́, n ò bínú, ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi ara ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ n dá yín lóhùn bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nílé tèmi.

Ọdún 14 làwọn ìbejì mi wà nígbà tí wọ́n dákẹ́. Wọn kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, bí mo bá béèrè nǹkan, "ó dáa" ni ìdáhùn. Fóònù ni ojú wọn ń wò. Ìgbà tí mo ra hẹlikópítà kékeré fún Kẹ́hìndé ló yí padà. Ó fọ́ ọ lọ́jọ́ kejì. A gbé e sórí tábìlì, èmi, òun àti Táíwò, a ń wá síkúrù tó kéré ju ìrẹsì lọ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Níbi tí Táíwò ti ń tanná fún mi ló ti sọ fún mi pé wọ́n ń fìyà jẹ òun níléèwé. Oṣù mẹ́ta ló ti fi pa á mọ́. Kò wojú mi nígbà tó ń sọ ọ́, síkúrù ló ń wò. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí ǹ bá fi gbọ́ ọ.

Nítorí náà, bí bàbá kan bá fi ọdún kan tọ́jú owó láti bá ọmọ ẹ̀ ṣe nǹkan, tí owó iléèwé sì wà lọ́tọ̀, èmi ò rí i bí ìnákúnàá.

Tíṣà Físíìsì
Ẹ kú ìjíròrò. Abẹ́òkúta ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì. Mo fẹ́ gbè lẹ́yìn hẹlikópítà díẹ̀, nítorí ẹ ti fẹ́ lé e kúrò lágbo.

Irú hẹlikópítà kan wà tí ọmọ ọdún 11 lè fò lọ́jọ́ kan náà: èyí tó ní bíléèdì ìpele méjì lórí ara wọn. Syma S107G ni mo ń lò ní kíláàsì. Bí bíléèdì òkè bá ń yí sí ọ̀tún, ara ọkọ̀ á fẹ́ yí sósì, òfin Newton ni. Hẹlikópítà tó ní bíléèdì òkè ẹyọ kan, bíléèdì ìrù ló ń bá a dì í mú. Ṣùgbọ́n eléyìí, ìpele ìsàlẹ̀ ń yí lódì sí tòkè, wọ́n sì ń pa agbára ara wọn. Ó máa ń dúró jẹ́ẹ́ sójú kan láàárín yàrá. Ní ọdún méjì sẹ́yìn mo jẹ́ kí ọmọbìnrin kan dì í mú lọ́wọ́, kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ tan ìpele òkè nìkan lẹ́yìn tí mo ti yọ bíléèdì ìsàlẹ̀. Ó kígbe pé "Tíṣà, ó ń lọ́ mi lọ́wọ́!" Gbogbo kíláàsì ló fẹ́ di í mú lẹ́yìn náà. Ìdánwò wọn lórí agbára ìyípo, mo mọ bó ṣe dáa tó lọ́dún yẹn.

Àléébù ẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ tójú ò rí ni rìmóòtù ẹ̀ fi ń bá a sọ̀rọ̀, bí ti tẹlifíṣọ̀n, nítorí náà tẹ́ ẹ bá gbé e sínú oòrùn kò ní gbọ́. Atẹ́gùn díẹ̀ náà á gbé e lọ.

Ẹyẹ Woolwich
Tíṣà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ibẹ̀ yẹn la ti máa jiyàn. Onípele méjì yẹn kì í kọ́ni ní nǹkan kan tó wúlò fún T-Rex. Mo mọ ẹni mẹ́ta tó fò ó fún ọdún kan, tí wọ́n ní àwọn ti mọ̀ ọ́n, tí wọ́n sì fọ́ 450 ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Torí pé ó ń dá ara ẹ̀ dúró, ọwọ́ wọn ò kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá nǹkan dúró. Bó bá jẹ́ kékeré lẹ fẹ́, ẹ mú hẹlikópítà kékeré kan tó ń jẹ́ V911. Bíléèdì òkè ẹ̀ jẹ́ ìpele kan, ó ní ìrù gidi, ṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ni (ìyẹn ọ̀nà mẹ́rin tẹ́ ẹ lè gbà darí ẹ̀), kò wúwo ju lẹ́tà lọ, bó bá sì gbá ògiri, kì í sábà fọ́.

Tíṣà Físíìsì
Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pé kì í kọ́ ọwọ́. Ó ń fún ọmọ ní ìfẹ́ sí i ni mo wí. Ọmọ tí kò bá kọ́kọ́ ní ìfẹ́ ẹ̀ kò ní jókòó nídìí símúlétọ̀ fún 40 wákàtí. Ṣùgbọ́n mo gba ti V911.

Ẹyẹ Woolwich
Ìyẹn wọ̀ mí létí. Mo gbà.

Ohun kan ṣì kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ, kí ó tó di pé mo gbàgbé. Hẹlikópítà ńlá kì í ṣe ohun ìṣeré. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, ní Brooklyn, ọ̀dọ́mọkùnrin ọdún 19 kan tó mọ̀ ọ́n fò dáadáa ń fò tiẹ̀ ní páàkì, hẹlikópítà náà gbá a lórí, ibẹ̀ ló kú sí. 450 kéré sí ìyẹn, síbẹ̀ bíléèdì ẹ̀ lè gé ìka. Ọmọ yín ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn nígbà tí bátìrì bá wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ fi tó mítà mẹ́wàá sí àárín.

Ará Mọ́kọ́lá
Mo ń ka gbogbo ẹ̀, mo tún ń kà á. Mo ka ti bírò pupa yẹn sí ìyàwó mi létí, a dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ìbéèrè kan: ṣé ìjọba ò ní mú mi bí wọ́n bá rí mi tí mò ń fò nǹkan n'Íbàdàn?

Aṣátúnṣe Alábà
Ọkọ̀ ilẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Èyí tó ń fò yàtọ̀. Láti 2016 ni NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò dróònù àti àwọn ẹ̀rọ tó ń fò láìní awakọ̀ nínú láìgbàṣẹ, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò, ONSA, náà sì ní ìwé tiẹ̀ tó ń fúnni. Ẹni tí wọ́n bá rí kì í rọrùn fún un láti ṣàlàyé pé hẹlikópítà ni, kò ní kámẹ́rà. Èyí tẹ́ ẹ bá ń fò nínú yàrá ò kàn wọ́n, àmọ́ 450 ní ìta, ẹ béèrè lọ́wọ́ NCAA kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ìyá Ìbejì Houston
Níbí náà, bó bá ti ju 250g lọ, ẹ ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà. $5 ni, ó wà fún ọdún mẹ́ta. V911 kò dé ìdajì ìwọ̀n yẹn.

Ará Mọ́kọ́lá *(lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún)*
Ẹ̀yin ará, mo padà dé. N kò ra T-Rex. Ọ̀rẹ́ mi ní òun á bá mi tọ́jú ẹ̀ di Kérésìmesì.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo ra 144001 àlòkù lọ́wọ́ ẹnìkan n'Íkẹjà, ₦165,000, bátìrì méjì wà pẹ̀lú ẹ̀. Ṣájà tó dáa, ₦35,000. Iná kì í dúró ládùúgbò wa, àmọ́ ṣájà náà ń gba 12V, bátìrì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládùúgbò mi ni mo fi ń gba iná. Rìmóòtù àlòkù àti wáyà símúlétọ̀, ₦70,000. Jíà ńlá mẹ́ta àti béárìn, ₦18,000. ₦288,000 ni gbogbo ẹ̀, ₦112,000 ṣì wà nílẹ̀. Mo bẹ màmá ọ̀rẹ́ ọmọ mi tó ń mọ ìkòkò, wọ́n fún mi lọ́kan. Yanrìn ti wà nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọjọ́ Sátidé. Pápá iléèwé, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ìrì ṣì wà lórí koríko. Mo gbé ọkọ̀ náà kalẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ góòlù. Mo rọra fa rìmóòtù. Ó fò lọ! Ẹrẹ̀ ta sókè lẹ́yìn ẹ̀ bí ìgbà tí adìyẹ bá ń walẹ̀, ó yí góòlù po, ó padà wá sọ́dọ̀ mi, ó dúró níwájú bàtà mi. N ò fà á. Ó dá wá. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kàn án, mọ́tọ̀ ẹ̀ ń gbóná. Ọmọ mi ní, "Bàbá, ẹ̀ ń sunkún ni?" Mo gbé rìmóòtù fún un.

Òun ló wà á títí bátìrì kejì fi tán. Ó ti mọ bó ṣe ń yíjú ẹ̀ padà jù mí lọ. Lójú kọ̀ǹpútà lálẹ́, hẹlikópítà tèmi ṣì ń ṣubú, àmọ́ lánàá mo gbé e dúró fún odindi ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀gbọ́n Alábà, jíà ńlá àkọ́kọ́ ti lọ bẹ́ ẹ ṣe sọ. Mo fi òmíràn sí i, àmọ́ ó ń ké. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Aṣátúnṣe Alábà
Ẹ ti fún jíà méjèèjì pọ̀ jù. Téèyàn bá fún wọn jù wọ́n á máa ké, tó bá sì jẹ́ kí wọ́n jìnnà jù wọ́n á jẹ eyín ara wọn. Ẹ tú síkúrù méjì tó di mọ́tọ̀ mú, ẹ má yọ wọ́n tán. Ẹ gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ kì í sáàárín jíà kékeré àti ńlá, ẹ ti mọ́tọ̀ títí eyín wọn á fi di bébà náà mú. Ẹ wá de síkúrù, kẹ́ ẹ yí bébà náà jáde. Bó bá jáde ní kíkákò láìya, ó ti bára mu.

Ará Mọ́kọ́lá
Bébà tí mo fi ń gé páálí ọrùn aṣọ ni mo lò. Ọmọ mi ló yí i jáde. Ó kákò, kò ya. Kò ké mọ́.